Ibi Tí Gángan Bá Yà Sí

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìlù sì ti gbà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àtíbàbà, níbi tí èéfín àwọn tó ń dáná ò dé, bàbá onígángan jókòó sórí àpótí sípíkà, ó gbé ìlù lé orúnkún, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀sán rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń wá. Okùn awọ gígùn ni wọ́n fi ran ojú ìlù méjèèjì pọ̀, lọ síwá lọ sẹ́yìn yí igi ká, nítorí náà bí ó bá fa ibì kan, dídẹ̀ ibẹ̀ á sún sí èkejì. Á fa ìyẹn náà, á sún sí ẹ̀kẹta, títí gbogbo rẹ̀ á fi kó jọ sí ìdí okùn, níbi tó ti máa so ó. Kò kánjú. Ó fi kọ̀ǹgọ́ kan ojú ìlù lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ, ó yí ìlù padà, ó kan ojú kejì. Ojú kejì wúwo díẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fá títí tó fi fẹ́lẹ́ ni. Tó bá ti mu ọ̀rinrin, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó na ojú ìlù sí atẹ́gùn gbígbóná tó ń tibẹ̀ jáde. Ó jìnnà sí i tó apá kan, ó sì ń yí ìlù náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sun àgbàdo. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà ní kí bàbá sún mọ́ ọn kó lè yá, ó mirí. "Awọ tí ooru bá ká mọ́ lójijì, yíya ló máa ya."

Òkú àgbà ni wọ́n ń ṣe, ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ olóòkú ò fẹ́ DJ. Wọ́n ní irú jùjú tí bàbá àwọn jó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ni àwọn fẹ́, torí náà ni wọ́n ṣe fi fóònù wá àwọn àgbà wọ̀nyí jọ, àwọn tó lùlù, tó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin lóríṣiríṣi láàárín ọdún 1970 sí 1985. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Òmíràn nínú wọn ò rí ẹnìkejì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé níbi ìsìnkú ọ̀gá wọn.

Nígbà tí ìlù gbẹ, bàbá ní kí onígìtá àgbà fún òun ní ohùn tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Onígìtá ta wáyà kan, ó fi í sílẹ̀ kó máa dún. Bàbá fi ìlù há abíyá, ó fún un díẹ̀, ó kàn án. Ó fún un sí i, ó tún kàn án, títí ohùn àárín ìlù fi bá ti gìtá mu. Ohùn àárín nìkan ló yẹ̀ wò. Mo bi í pé òkè àti ìsàlẹ̀ ńkọ́. Ó ní àwọn yẹn á wá fúnra wọn, pé àárín ni ilé.

Gángan kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jùjú. Nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1930, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún wọn: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ olójú kan tí wọ́n ń fọwọ́ gbá. Orin pálọ̀ ni. Ní nǹkan bí 1948 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ inú rẹ̀, nígbà tó sì di 1949, Àyìndé Bákàrè ti so gìtá rẹ̀ mọ́ iná mànàmáná. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì pé méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Gìtá onípákó lásán ò lè bá gángan wí nínú yàrá kan. Ìlù á bò ó mọ́lẹ̀. Àfìgbà tí gìtá rí ohùn tó ga ni wọ́n tó lè jọ jókòó. Láti ìgbà náà lọ ni ẹgbẹ́ ti ń gbòòrò: I.K. Dáíró mú àkọ́díọ̀nù wọlé, wọ́n fún un ní oyè MBE ní 1963. Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi gìtá kún gìtá, tí orí ìtàgé fi kún dẹ́nu.

Oníténọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gìtá ténọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbólóhùn kékeré kan ló máa ń tún tà, kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀. Mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ wáyà mọ́lẹ̀ díẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara gìtá, kí ohùn má baà gùn. Kò lo ju wáyà méjì lọ. Gìtá kejì wọlé, ó sì gba àlàfo tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, kò gun orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta gba èyí tó kù. Tí o bá gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn lọ́tọ̀, o ò ní mọ orin tí wọ́n ń ṣe. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ́ sí i, agogo, àkúbà. Gángan ló wọlé kẹ́yìn, kò sì wọlé títí tí bàbá fi gbọ́ pé ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Apá òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìgúnpá fún ọ̀sán mọ́ ìhà, ìka ọwọ́ náà sì há sínú ọ̀sán, wọ́n ń fà á. Tó bá dẹ̀ ẹ́ pátápátá, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń jáde; tó bá fún un dé ìdajì, ohùn àárín; tó bá fún un dópin, ohùn òkè. Ibi tó le ni àárín, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ní ògiri tí ọwọ́ máa kọlù, ṣùgbọ́n àárín ò ní, ara ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ní ohùn tó ń yọ́ gòkè, á kan ìlù nísàlẹ̀, á wá fún un kí ìró náà tó kú. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ agbádá. Ohun tí àwọn oníjó ń rí ni kọ̀ǹgọ́, tí kò ṣe nǹkan kan tó ju kó máa lọ kó máa bọ̀.

Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, aṣọ ẹbí ní òkè-ìsàlẹ̀. Ẹnì kan sọ orúkọ rẹ̀ sétí bàbá: Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ìlù, Àbẹ̀kẹ́ ò yàtọ̀ sí Àdùkẹ́, ohùn kan náà ni méjèèjì ní, tí ìlù bá sì dákẹ́ síbẹ̀, gbogbo Àdùkẹ́ tó wà lábẹ́ àtíbàbà ló máa dìde. Kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó bèèrè ibi tí wọ́n ti wá, wọ́n ní ọmọ Oníkòyí ni, ó sì fi oríkì orílẹ̀ náà ti orúkọ lẹ́yìn, gígùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi lè ṣì í gbọ́ mọ́. Obìnrin náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí pọ́ọ̀sì.

Ìyá kan tó ti dàgbà gan-an ló kàn láti jó. Ibi tí mo ti rí bàbá wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀sán nìyí: gìgísẹ̀ ìyá náà ló tẹjú mọ́. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀, ìlù á fa ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ kó lè dé ìsàlẹ̀. Kò ní kàn án títí gìgísẹ̀ á fi balẹ̀. Àkúbà ò yí ìrìn padà, gìtá ò yí i padà, gángan nìkan ló ń dúró dè é láàárín wọn. Mo ti rí àwọn tó ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe àríyá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn o, ẹnì kan ṣoṣo tó ń kọrin tó tún ń tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìlù tó wà nínú ẹ̀rọ náà ò rí gìgísẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Wọn ò dúró láti jẹun. Oníténọ̀ ti ta gbólóhùn yẹn ó lé ní wákàtí kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú wọn, jókòó tì í pẹ̀lú gìtá tirẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbólóhùn kan náà lé e lórí, ó rọra tà á lábẹ́lẹ̀, ó wá ń gbé e sókè, bí ti oníténọ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan tí méjèèjì fi ń dún pọ̀. Oníténọ̀ ká ọwọ́ kúrò, ó dìde, ó lọ jẹ àmàlà rẹ̀. Kò sí oníjó kan tó wẹ̀yìn.

Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ nìyẹn: pé láyé ìgbà náà, gbogbo àga ló ní igbá kejì. Wọ́n dárúkọ àwọn ilé ijó: Caban Bamboo tí Bobby Benson ní lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Stadium Hotel ti Victor Ọláìyá ní Sùúrùlérè, Ariya ti Sunny Adé ní Jíbówú. Mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ àwọn olówó tó máa ń wá. Rárá. Ìlù kan náà, orí ìtàgé kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè jókòó tì ọ́ fún ọdún kan kó tó di pé wọ́n ní kó gba gìtá. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, wáyà gìtá di ohun tí wọ́n ń sè nínú omi gbígbóná kó lè tún dún. Ẹ̀rù olè ò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde lóru mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní fújì ló gba ọjà lọ́wọ́ àwọn. Èmi ò gbà, ìlù ni fújì náà, ṣùgbọ́n n kò bá àgbà jiyàn nídìí àwo.

Bí wọ́n ṣe ń yà láti orin kan bọ́ sí òmíràn ni mo fẹ́ rí, èyí tí àwo orin jùjú fi lókìkí. Àwo kékeré ìgbà àtijọ́ ò gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé, Obey àti Sunny Adé ń fi orin mẹ́rin márùn-ún kún ojú kan láìdákẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde gan-an. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: akọrin á gbé ìgúnpá òsì díẹ̀. Gángan á sọ gbólóhùn kúkúrú kan, gbogbo ohun èèlò á gé lẹ́ẹ̀kan náà àfi ténọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn á sì já sínú orin tuntun. Ẹni tó bá ń jó kò ní dá ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lóru náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àkúbà nìkan ló gé, ó sì já sínú orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè. Kò ya àwọn onígìtá lẹ́nu, wọ́n tẹ̀ lé e, ó sì parí síbẹ̀. Bóyá ènìyàn méjì ló mọ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

Àwọn tó ni orin mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń kó sípíkà sínú bọ́ọ̀sì, onígángan ní kí ló lé aláàkúbà.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, bùọ̀dá."

"Èmi? Oríkì ni mò ń kì lọ́wọ́."

Onígìtá àgbà ní òtítọ́ ni, oríkì ni. Ṣùgbọ́n ìparí oríkì náà àti gbólóhùn tí wọ́n fi ń yà, ohùn wọn bára mu, ó ku díẹ̀ kí òun náà já. Onígángan ò gbà. Ó fa ìlù yọ nínú àpò, ó ní kí aláàkúbà fọwọ́ lu ara bọ́ọ̀sì kí gbogbo ayé gbọ́. Ó ki oríkì náà láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, aláàkúbà tún já, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń so bàtà lọ́wọ́ náà sì já tẹ̀ lé e. Dírẹ́bà fọn fèrè, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, àmọ́ onígángan ti tún gbé kọ̀ǹgọ́ sókè.