Àpò Gírámà Lákúnlé



Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní Ajah, tí ó ń múra ìdánwò JAMB, fi lẹ́tà rán ẹnì kan sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè tì í, síbẹ̀ ohun kan ṣoṣo tí ó yé mi ni pé kò ní lè wá fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fi lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ó padà dé, mo pè é, ó sì fi ìwé kékeré kan hàn mí: ogún ọ̀rọ̀ tuntun ni ó ń há sórí lójúmọ́. Inú mi dùn sí aápọn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Lákúnlé.

Lákúnlé ni olùkọ́ ilé-ìwé inú eré Wọlé Ṣóyínká tí à ń pè ní The Lion and the Jewel. Wọ́n ṣe eré náà ní Ìbàdàn ní 1959, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Lákúnlé fẹ́ fẹ́ Sídì, arẹwà abúlé Ilújinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní san owó orí. Sídì ní bí kò bá san án, àwọn ará abúlé yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò ní òun kì í ṣe wúńdíá. Èsì wo ni Lákúnlé fọ̀? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó dà lé àṣà náà lórí bí òjò. Nígbà tí ó dákẹ́, Sídì bi í bóyá àpò rẹ̀ ti gbẹ ni. Ó fèsì pé ìwé atúmọ̀ kékeré ni òun ní, òun ti ránṣẹ́ ra ńlá.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a rẹ́rìn-ín níbẹ̀, wọn a kọjá. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀. Láàárín èébú wọ̀nyí, ó ju “remarkable” sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a sábà fi ń yin nǹkan ni. Ó tún ju “excommunicated” sí i, èyí tí à ń lò fún ènìyàn tí ìjọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì bá yọ lẹ́gbẹ́, kì í ṣe fún àṣà. Lákúnlé há ọ̀rọ̀ sórí, kò mọ ilé wọn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Ṣóyínká wà: kò bú olùkọ́ náà fún wa, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tú u fó.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé Lákúnlé ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ. Kò fẹ́ kí á ra obìnrin bí ẹni ra ẹrù. Àwa Mùsùlùmí ní ohun tí a lè fi dá a lóhùn: sàdáákì kì í ṣe owó tí a fi ra ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹ̀tọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí Súrátù Nísáì, ẹsẹ̀ 4, ti fi lélẹ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́ kí ó yé Sídì, wọn ìbá jọ jíròrò. Gírámà ni ó dí ọ̀nà. Nígbẹ̀yìn, Baálẹ̀ Bàrókà, arúgbó tí ó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dẹ ènìyàn, ni ó gba Sídì.

Ẹ má rò pé àrùn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí. Àwa àkéwúkàwé mọ ìtàn Isa ọmọ Umar ti ìlú Basra, tí ó kú ní ọdún 149 lẹ́yìn Hijira. Wọ́n ní ó já bọ́ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn ènìyàn sì ṣù bò ó. Dípò kí ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí etí kò gbọ́ rí ni ó fi lé wọn. Títí di òní, ìwé balágà ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ àléébù tí à ń pè ní garábà, èyíinì ni kí ọ̀rọ̀ ṣàjèjì. Isa kì í ṣe òpè o! Al-Khalil pàápàá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin balágà kò mọ ọ̀mọ̀wé yàtọ̀: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ipò tí a ti ń sọ ọ́ mu.

Ibì kan wà tí n kò ti bá Ṣóyínká lọ. Nínú eré náà, ẹni tí ó kàwé ni a fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí ó gbọ́n sì jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ọ̀dọ́ lè ti ibẹ̀ rò pé kíkọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kò lérè. Bẹ́ẹ̀ Ṣóyínká fúnra rẹ̀, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, kò lè kọ eré yẹn bí àpò tirẹ̀ bá ṣófo. Ní agbègbè wa, láti Lekki dé Ajah, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ líle inú wọn yóò fọwọ́ sí ohun tí kò yé e.

Nítorí náà, n kò gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Mo ní kí ó dín ogún kù sí mẹ́ta. Kí ó wo ẹni tí ń lo ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí ó ń lò ó fún. Kí ó wá gbòǹgbò rẹ̀, bí a ti ń rí kitábù, kátíbù àti maktábù lára gbòǹgbò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀. Bí kò bá yé ìyá, kò tí ì yé ọmọ.

Ibi tí mo dárúkọ ìyá rẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá náà ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù. Àdúà ni ó fi lẹ́tà yẹn tọrọ lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ kẹrin ni a tó ṣe é. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó yẹ kí á ti ṣe é.

Kí Ọlọ́hun fún un ní àlàáfíà, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní. Àmín.