Àwo Ellington ní Newport: Ibo Gan-an Ni Adùn Rẹ̀ Wà?

Bí wọ́n bá ní kí n mú àwo orin jazz kan ṣoṣo fún ẹni tí kò gbọ́ ẹgbẹ́ olórin ńlá rí, Ellington at Newport ni màá mú. Ọ̀rẹ́ mi kan, tóun náà gbọ́ orin dáadáa, ní ayédèrú ni àwo náà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú àwo tí Columbia gbé jáde lọ́dún 1956, púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ kì í ṣe ti orí ìtàgé. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti tún un lù, tí wọ́n wá fi ariwo èrò lé e lórí. Ìyẹn ò dáa, mi ò ní gbèjà wọn.

Àmọ́ adùn àwo náà ò sí níbẹ̀ yẹn. Lálẹ́ July 7, 1956, ní Newport, Rhode Island, ilẹ̀ ti ṣú gan-an, àwọn kan ti ń lọ sílé, ọ̀pọ̀ sì ti ń rò pé ìgbà Ellington ti kọjá. Ló bá mú orin méjì tó ti kọ láti 1937, Diminuendo in Blue àti Crescendo in Blue, ó ní kí Paul Gonsalves fi sakisofóònù so wọ́n pọ̀. Ìyípo 27 ni Gonsalves fun! Bar 12 ni ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tẹ́tí sí i: kò sáré, kò ṣe ṣekárími. Gbólóhùn kúkúrú ló ń sọ, ó ń tún un sọ, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé: bẹ́ẹ̀sì Jimmy Woode àti ìlù Sam Woodyard ò jẹ́ kílẹ̀ mì lábẹ́ rẹ̀. Jo Jones, onílù Count Basie tẹ́lẹ̀, ń fi ìwé ìròyìn tó ká lu etí ìtàgé. Obìnrin kan dìde jó, èrò bá hó yèè. Ariwo yẹn ń ga sí i bí orin ṣe ń lọ. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹ ti yọ ìdajì orin náà.

Àléébù kan ṣì kù: máìkì rédíò Voice of America ni Gonsalves dojú fèrè kọ, kì í ṣe ti Columbia. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bí ẹni tó wà lókèèrè nínú àwo 1956. Lọ́dún 1999 ni wọ́n da téèpù méjèèjì pọ̀, ó wá ń dún ketekete. Àtẹ̀jáde yẹn ní ti orí ìtàgé, ó ní ti yàrá. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ léra. Ti yàrá mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó tutù. Ti orí ìtàgé ní àṣìṣe, àmọ́ ó ń gbóná.

Ohun tí mo sọ fọ́rẹ̀ẹ́ mi nìyẹn: irọ́ inú àwo náà gan-an ló jẹ́ ká mọ bí òótọ́ inú rẹ̀ ṣe dùn tó.