Ìwé Tí Ń Ṣí Ìbòjú Ìwà Rere

Ìwọ òǹkàwé, bí o bá ṣí ìwé tí La Rochefoucauld, ìjòyè ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde ní ọdún 1665, àwòrán kan ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ọmọdé abìyẹ́ kan ń bọ́ ìbòjú kúrò lójú ère Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù àtijọ́ tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìfaradà. Ìfẹ́ Òtítọ́ ni orúkọ ọmọ náà. Àwa Yorùbá mọ ohun tí í dé bá ẹni tí ó bá ṣí aṣọ lójú eégún. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ìwé náà wá ṣe nìyẹn.

Gbólóhùn kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ̀dà karùn-ún, tí ó jáde ní 1678, ní 504. Púpọ̀ nínú wọn ń sọ pé ìfẹ́ ara ẹni ni ó sá pamọ́ sábẹ́ ìwà tí a ń yìn. Òǹkọ̀wé náà wo ọpẹ́, ó rí ìrètí ẹ̀bùn mìíràn níbẹ̀. Ó wo ìrẹ̀lẹ̀, ó bá ìgbéraga tí ó ba síbẹ̀.

Kì í ṣe aláìrírí. Ó ti bá àwọn ìjòyè ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, wọ́n sì ṣá a lọ́gbẹ́ lójú ní Paris ní 1652 tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú. Ó ti rí àwọn tí ń pariwo ire ìlú tí wọ́n ń yí sẹ́yìn nítorí oyè. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé inú kíkorò nìkan ni ó fi kọ ọ́. Nínú yàrá ìgbàlejò Madame de Sablé, àwọn ọ̀rẹ́ a máa gbé irú gbólóhùn wọ̀nyí yẹ̀ wò, wọn a fi wọ́n ránṣẹ́ síra wọn nínú lẹ́tà, wọn a gé wọn kúrú, wọn a dán wọn títí wọn yóò fi máa kọ mànà. Ọ̀rọ̀ tí a dán tó bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ ti wọ ọ́ lára kí o tó bèèrè bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí o bá sì rẹ́rìn-ín, ojú ta ni o rí? Ojú ọmọ kíláàsì rẹ tí í sáré gbá ilẹ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ń bọ̀ ni; kì í ṣe tìrẹ.

Àwọn tí ń fi ìwé yìí yangàn a sì máa fo ọ̀rọ̀ kékeré kan: “nígbà púpọ̀.” Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ àwọn gbólóhùn kan lójú nínú àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Ó tilẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ gígùn tí ó sọ lórí ìfẹ́ ara ẹni, tí ó ṣáájú gbogbo ìyókù ní 1665, kúrò nínú ẹ̀dà kejì.

Àwọn àgbà wa náà ti wí pé ẹni tí ó ṣe rere, ara rẹ̀ ni ó ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n wo bí ohùn ti yàtọ̀! Tiwọn ń ti ni sẹ́nu iṣẹ́ oore, ti ìjòyè yìí ń dójú ti olóore. Bí ẹnìkan bá gbé àmù omi sẹ́nu ọ̀nà fún èrò, bóyá ìyìn ni ó ń wá. Síbẹ̀, èrò tí òùngbẹ ń gbẹ ti mu omi. Níbí ni ìwé náà ti tiro lójú mi: inú ẹni tí ó fúnni ni ó ń tú wò ṣáá, kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà.

Ọkùnrin yìí kan náà bá Madame de La Fayette, obìnrin òǹkọ̀wé, ṣọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi kú ní 1680. Wá inú gbólóhùn 504 náà wò, bóyá ìwọ yóò rí èrè tí ó ń bá a dọ́rẹ̀ẹ́ fún.