Ọwọ́ Òǹkọ̀wé nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń tẹnu mọ́ ni àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ibùdó ìtàn àti ọnà èdè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè ka àwọn orúkọ wọ̀nyí bí ẹní ka owó lè má tíì rí ọwọ́ òǹkọ̀wé rárá. Ọwọ́ òǹkọ̀wé ni ohun tí ó mú, ohun tí ó fi sílẹ̀, àti ohun tí ó fi tirẹ̀ kún. Ibi tí èyí ti máa ń hàn jù ni inú eré-onítàn tí a gbé ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí, nítorí pé a lè fi ìtàn àti eré wé ara wọn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹfúnṣetán inú ìtàn jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tí ó di Ìyálóde Ìbàdàn. Oníṣòwò ńlá ni, ó ní oko, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó sì máa ń ta ohun ìjà fún àwọn olórí ogun láwìn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ ní 1921, fi yé wa pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn: kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874. Ní ọdún náà gan-an, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru bí ó ti sùn. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ agbára ni.

Nínú eré, gbèsè pòórá. Ìṣọ̀lá gbé ìjà náà kúrò láàrin àwọn olóyè, ó gbé e wọ inú agbo ilé. Ẹfúnṣetán tí a bá pàdé níbẹ̀ ni ẹni tí ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, tí ó sì tìtorí èyí ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí oyún ń ṣe: oyún ni ó pa ọmọ Ìyálóde, oyún ni ó pa ẹrú, oyún náà ni ó sì fa ìṣubú Ìyálóde. Okùn kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé fi so eré pọ̀. Okùn yìí náà ni kò jẹ́ kí ìkà obìnrin náà dà bí ìkà tí kò nídìí. A kórìíra ohun tí ó ṣe, síbẹ̀ a mọ egbò tí ó ń jẹ ẹ́ lábẹ́ aṣọ.

Òǹkọ̀wé yí ikú rẹ̀ náà padà. Bí ẹrú bá pa á lójú oorun gẹ́gẹ́ bí ti inú ìtàn, àánú rẹ̀ ni yóò ṣe òǹwòran, ìdájọ́ yóò sì di ìpànìyàn lásán. Ìṣọ̀lá mú kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé mu lẹ́yìn tí agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ: obìnrin tí ó ń pàṣẹ ikú fún ẹlòmíràn pa á fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìkà bá ti di ti ẹnì kan ṣoṣo, eré gbọ́dọ̀ wá olùgbàlà. Látòósà ni ó bọ́ sí ipò yìí. Òun ni ó ṣíwájú àwọn tí ó fi òpin sí ìjẹgàba Ìyálóde. Ibí yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé ní Odò-Orò, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó ti dúró díẹ̀. Ààrẹ yìí kan náà ni olórí Ìbàdàn nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń ni àwọn ìlú Èkìtì lára. Òun ni Èkìtìparapọ̀ dojú kọ nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibùdó ogun náà ni ó sì kú sí ní 1885. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ni ogun Ìbàdàn kó lẹ́rú. Ẹrú kò sì sí ní ilé Ẹfúnṣetán nìkan. Ilé àwọn olóyè ogun náà kún fún wọn. Ẹni tí orí ìtàgé fi hàn wá bí olùgbèjà ẹrú ni olórí àwọn tí ń kó ẹrú.

Èmi kò sọ pé òǹkọ̀wé purọ́. Eré kò lè gba gbogbo ìtàn. Ẹni tí ó bá fi dandan lé e pé kí ó gbà á yóò ba eré jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwa òǹkàwé ni ẹjọ́ wà, àwa tí a jẹ́ kí eré jókòó sí ipò ìtàn lọ́kàn wa, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ Ẹfúnṣetán mìíràn ju ti Ìṣọ̀lá lọ. Nígbà tí Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé nípa Ìyálóde yìí nínú àkójọ kan lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà inú ìtàn, tí ó jáde ní 1992, ó dá oníṣòwò àti olóṣèlú padà síwájú wa. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iṣẹ́ Awẹ́ pọ̀ mọ́ eré náà, kí ó lè mọ ibi tí ìtàn parí sí àti ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá béèrè pé irú ènìyàn wo ni Ẹfúnṣetán, ìdáhùn kan ni yóò gbà: ìkà ni. Èyí tí ó bá béèrè ohun tí òǹkọ̀wé ṣe tí a fi rí i ní ìkà, tí ó sì tún béèrè ẹni tí ẹ̀bi kò kàn nítorí rẹ̀, yóò rí àwọn ọmọ tí yóò tún ìwé náà ṣí.