Òfin Àná Ni Ká Fi Dá Ẹjọ́ Àná

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rogers fi ọ̀bẹ gún ẹnì kan. Ẹni náà dákú, kò sì jí mọ́ títí ó fi kú lẹ́yìn oṣù 15.

Nígbà náà, òfin kan wà tí àwọn adájọ́ jogún láti ayébáyé: bí ẹni tí a ṣe léṣe bá lò ju ọdún kan àti ọjọ́ kan lọ kó tó kú, a kò lè pè é ní ìpànìyàn. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Tennessee fagi lé òfin yìí, ó sì fi ìdájọ́ tuntun náà mú Rogers. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fara mọ́ ọn: adájọ́ 5 gbà, 4 kọ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ O'Connor, tó kọ ìdájọ́ àwọn 5 náà, ní òfin yìí ti gbó, ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá rẹ̀, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti pa á tì. Òtítọ́ ni. Ta ló lè wo ojú ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ kó sọ pé ọmọ rẹ̀ pẹ́ jù kó tó kú?

Ṣùgbọ́n ibi tí ìdájọ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: òfin tó gbó, òfin ṣì ni. Ní 1964, ilé ẹjọ́ yìí kan náà gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú 2 sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Bouie. Wọ́n jókòó síbi ìjẹun ilé ìtajà kan ní South Carolina, níbi tí wọn kì í ti í gba aláwọ̀ dúdú láyè láti jókòó. Òfin ní kí ènìyàn má wọlé lẹ́yìn ìkìlọ̀. Àwọn ti wọlé kí ìkìlọ̀ tó dé. Àwọn adájọ́ ìpínlẹ̀ ló wá fa òfin náà gùn kó lè mú wọn.

Ó rọrùn láti gbèjà ọmọ rere. Ìgbà tí ọ̀daràn bá dúró níwájú adájọ́ ni ìdánwò gidi. Ààbò tí a bá gbà lọ́wọ́ Rogers lónìí, a ti gbà á lọ́wọ́ aláìṣẹ̀ lọ́la.

Rogers kò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí fífi ọ̀bẹ gún ènìyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kódà bí ẹni náà kò kú. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí a ṣe é kò lè di ẹ̀bi lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Ó yẹ kí ìlànà yìí de aṣòfin, kó sì de adájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí òfin ayò padà, kó jẹ́ kí a ta èyí tó wà nílẹ̀ tán.