Kálébù, Básíláì àti Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà: Àyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Wàásù Okun Ọjọ́ Ogbó

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn àgbà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ibi mẹ́ta nínú Ìwé Mímọ́ ni a sábà máa ń kà: ọ̀rọ̀ Kálébù nípa okun rẹ̀ ní ẹni ọdún 85 (Jóṣúà 14:6–12), ìlérí fún àwọn tó dúró de Olúwa (Àìsáyà 40:31), àti ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí Tímótì nípa eré ìdárayá (1 Tímótì 4:8). Méjì àkọ́kọ́ ni a fi ń kéde okun. Ẹ̀kẹta ni a fi ń pa ẹni tó bá dárúkọ eré ìdárayá lẹ́nu mọ́. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé a ti ṣi ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò, àti pé àwọn àgbà ìjọ ló ń fi ara wọn san gbèsè àṣìṣe náà.

Àwa náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a wàásù lórí Kálébù, a sì kéde fún gbogbo ẹni tó ti lé ní ẹni ọdún 70 pé okun wọn ti padà. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ti kọ́ ní eré orúnkún ní ọsibítù, tó sì máa ń rìn dé ìta gbangba láràárọ̀. Ìyá ṣe àmín, wọ́n sì pa eré náà tì. Nígbà tí a bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní, “Pásítọ̀, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé mo ti gbà á? Kí ni mo tún ń wá kiri?” Kí òjò ọdún náà tó dá, àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ilé ìsìn ti di òkè fún wọn. A kò sọ pé ìwàásù wa nìkan ló fà á. Orúnkún náà ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ìyá kò kéré. Ẹ̀kọ́ tí a fi bọ́ wọn ló lábùkù.

Ohun tí Kálébù sọ àti ohun tí kò sọ

Kálébù jẹ́ ẹni ọdún 40 nígbà tí Mósè rán an láti lọ yẹ ilẹ̀ náà wò. Ọdún 45 kọjá kó tó dúró níwájú Jóṣúà. Ọdún ìrìn aginjù àti ọdún ogun ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọdún ìjókòó. Ó fi ògo fún Olúwa pé Òun ló dá ẹ̀mí òun sí, ó sì dárúkọ ohun tí okun òun wà fún: jíjáde, wíwọlé, àti ogun jíjà. Lẹ́yìn èyí ló bèèrè òkè Hébúrónì. Iṣẹ́ ló ń bèèrè.

Kò sí ibi tó ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo arúgbó Ísírẹ́lì. Ẹ̀rí ẹnìkan ni. A kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di májẹ̀mú tí gbogbo àgbà yóò fi wọn ìgbàgbọ́ ara wọn. Kálébù pàápàá kò dá iṣẹ́ náà ṣe tán: nígbà tó kan Débírì, Ótíníẹ́lì, ìbátan rẹ̀, ló gbà á (Jóṣúà 15:16–17).

Básíláì tí a kì í wàásù rẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ bí Ìwé Mímọ́ ṣe rí ọjọ́ ogbó, ẹ jẹ́ kí a fi Básíláì ará Gílíádì ti Kálébù lẹ́gbẹ̀ẹ́ (2 Sámúẹ́lì 19:31–39). Ẹni ọdún 80 ni. Ó jẹ́wọ́ fún Dáfídì pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, òun kò sì gbọ́ ohùn akọrin dáadáa. Dáfídì kò bá a wí pé kò ní ìgbàgbọ́. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì súre fún un.

Síbẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ bàbá náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti Rógélímù, ó bá ọba kọjá Jọ́dánì. Kò bá a dé Jerúsálẹ́mù; ìrìn díẹ̀ ló ní òun lè rìn, ó rìn ín, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kò sì fi ìwọ̀n náà ṣe àwáwí láti jókòó sílé. Àgbà tó dà bí Básíláì pọ̀ nínú ìjọ wa ju àwọn tó dà bí Kálébù lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní ìwàásù kankan fún wọn.

“Díẹ̀” tí Pọ́ọ̀lù sọ

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù láti fi rẹ eré ìdárayá sílẹ̀ ni “díẹ̀” inú 1 Tímótì 4:8. Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ náà lè túmọ̀ sí ìwọ̀n díẹ̀ tàbí ìgbà díẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìfiwéra ni Pọ́ọ̀lù ń ṣe: ìwà-bí-Ọlọ́run ní èrè fún ayé yìí àti èyí tó ń bọ̀, eré ìdárayá kò ní ju ti ayé yìí lọ. Díẹ̀ kì í ṣe òfo. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo àyíká ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń bá jà ní orí kẹrin yìí ni àwọn tó ń ka ìgbéyàwó àti oúnjẹ léèwọ̀, àwọn tí kò ka ara sí ohun rere tí Ọlọ́run dá. Bí a bá wá fi ẹsẹ yìí kẹ́gàn ìtọ́jú ara, ẹ̀yìn àwọn alátakò Pọ́ọ̀lù ni a lọ dúró sí. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti gba Tímótì nímọ̀ràn nítorí inú rẹ̀ (5:23), tó sì ní opó ẹni ọdún 60 tí a ó kọ sínú ìwé ní láti jẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ rere, títí kan wíwẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ (5:9–10). Ẹni tó ń wẹ ẹsẹ̀ èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀, kó sì dìde.

Ti Àìsáyà kò gùn. Wòlíì náà bẹ̀rẹ̀ láti orí fífò, ó bọ́ sórí sísáré, ó sì parí rẹ̀ sórí rírìn. A máa ń pariwo lórí ìyẹ́ idì, a kì í dé ibi tí gbólóhùn náà parí sí.

Ṣé èyí kò ní dín ìgbàgbọ́ kù?

Àwọn kan nínú wa yóò ní a fẹ́ fi eré ìdárayá rọ́pò ìwòsàn. Rárá o. A gbà gbọ́ nínú ìwòsàn, a sì ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ arọ lílé ní agbára lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, ó dìde, ó ń rìn, ó ń fò (Ìṣe 3:7–8). Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún lókun, rírìn ló wà fún.

John Wesley, tí ẹ̀kọ́ ìwà mímọ́ rẹ̀ wà lára gbòǹgbò ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Nígbà tó pé ẹni ọdún 71 ní 1774, ó kọ ohun tó mú okun rẹ̀ dúró sílẹ̀. Ìfẹ́ inú rere Ọlọ́run ló fi ṣáájú. Lẹ́yìn èyí ló ka jíjí ní aago mẹ́rin ìdájí, ìwàásù aago márùn-ún, àti ìrìn-àjò tí kò dín ní 4,500 máìlì lọ́dọọdún. Ó mọ Olùfúnni, ó sì mọ ọ̀nà tí ẹ̀bùn náà ń gbà wọlé.

Ohun tó kan òjíṣẹ́

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Òótọ́ ni, ojúṣe ọmọ sì ni. Ṣùgbọ́n a ti fi òwe náà mú àgbà mọ́lẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ gbálẹ̀, a ó ní, “Ẹ jókòó, Màmá.” Bí bàbá bá fẹ́ gbé àga, a ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀wọ̀ ni a pè é, àmọ́ iṣan tí a kò lò ń joro.

Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fún ẹni ọdún 65 sókè ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìrìn kánkán tàbí iṣẹ́ tó jọ ọ́, iṣẹ́ tó ń fún iṣan lókun ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, àti ti ìdúróṣinṣin, kí wọ́n má baà máa ṣubú, ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ìwọ̀n tí ara rẹ̀ gbà. Ìwọ̀n Básíláì nìyẹn. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí egungun, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a fẹ́ fi jẹ oyè òjíṣẹ́, bí ẹ bá wàásù Kálébù, ẹ wàásù Básíláì tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ìkéde gba eré ìdárayá lọ́wọ́ àgbà. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tó ní ìrìn nínú: kí wọ́n lọ bẹ ẹlẹ́gbẹ́ wọn wò ní méjì méjì, kí wọ́n rìn káàkiri àdúgbò fún àdúrà.

Àwa náà padà lọ bá ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ wọn, a sì tọrọ àforíjì. A gbàdúrà, a sì bá wọn rìn láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ní ó tó. A ní ó tó, Mà; ọ̀la tún ń bọ̀.