"Kí Ló Bí Yín Nínú?": Lámèyítọ́ lórí *intelligence émotionnelle* níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ní agbègbè Tchaourou

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi gírámà Yorùbá wo èrò kan tó ti wọ inú ìwé àwọn alákòóso iṣẹ́, pàápàá àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ̀ ọ́n sí *intelligence émotionnelle*.

Salovey àti Mayer gbé èrò náà jáde ní 1990. Ìwé tí Goleman kọ ní 1995 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Ó wà nínú ẹ̀dà keje *PMBOK Guide*, ìwé atọ́nà fún àwọn alákòóso iṣẹ́ tó jáde ní 2021. Apá mẹ́rin ló ní níbẹ̀: kí ènìyàn mọ ara rẹ̀, kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kí ó mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn, kí ó sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn lò. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àwọn àgbà wa yóò ní sùúrù àti ọgbọ́n inú ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jẹ́ olùwà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, alákòóso ni. Ìbínú jẹ́ ohun tí ó ń tọ́jú. Yorùbá kì í sábà tò ó báyẹn. "Ẹ̀rù bà mí", "ojú tì mí", "inú bí mi": ẹni tí nǹkan ṣe ló wà nípò àbọ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ ìdí, "ó bí mi nínú" là ń wí, ohun tó fa ìbínú á wá gba ipò olùwà. (N kò sọ pé gírámà ló ń pinnu èrò o. "Mo mú sùúrù" wà nínú èdè kan náà.)

Ní agbègbè Tchaourou, Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́, Bàrùbá, Fọ̀n àti Fúlàní ló ń pàdé lójú ọ̀nà Cotonou sí Parakou. Mo lọ gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yàrá ìkàwé kan. *Chef chantier* wọn kò gbọ́ Yorùbá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn amọlé kọ̀, wọn kò ṣiṣẹ́, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá náà ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò pariwo. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ní Faransé pé òun rí i pé inú ń bí wọn, kí wọ́n fara balẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ sọ pé: "Wọ́n ní ẹ má bínú."

Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn amọlé gbọ́. Ẹni tó bá sì bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, nítorí náà wọ́n dúró kí ó mówó jáde. Kò mú un jáde. Ní tirẹ̀, ó rò pé òun ti pẹ̀tù sí wọn nínú, kò sì yé e ìdí tí ohùn wọn tún fi ń ga sí i. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá dáhùn pé: "Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bí wa nínú." Ògbufọ̀ ní: *Ils sont fâchés, à cause de l'argent*. Ẹ kíyè sí i: owó kúrò nípò olùwà, ó bọ́ sí ìdí gbólóhùn, ìbínú àwọn ènìyàn ló wá ṣíwájú. Ìyẹn gan-an ni ọ̀gá náà sì dá lóhùn. Ó tún rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara balẹ̀.

Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó kò sí lọ́wọ́ òun náà. Ẹni tó gba iṣẹ́ ló wà nílùú, tí kò tíì fi ránṣẹ́. Ẹ̀sùn mi wà lórí èrò tí wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tó jẹ́ kí ó ka ojú àwọn ènìyàn dáadáa láìbéèrè pé kí ló bí wọn nínú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ọgbọ́n ìmọ̀lára", àwòkọ lásán ni. "Ọgbọ́n inú" sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ènìyàn lè fi ọgbọ́n inú gbà ọ́ lówó iṣẹ́ rẹ.

Lẹ́yìn náà, mo bi ògbufọ̀ léèrè ìdí tí kò fi sọ pé "ẹ fara balẹ̀". Ó wò mí bí ẹni tí kò gbẹ̀kọ́ ilé. Ó ní ta ni òun láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá òun.